Ta ló yẹ ká gbé ákáìfù wa fún nígbà tí owó ìrànwọ́ ti tán?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé eré àti fótò kékeré kan là ń ṣe ní Yaba. Wọ́n fún wa lówó ìrànwọ́ láti òkèèrè, òun la fi skáàn àwọn fótò àtijọ́ tí a sì fi kó fídíò eré wa látorí kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ nínú fótò yẹn, ti Ẹ̀yọ̀ àti ti òde ayẹyẹ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ẹbí fọ́tógíráfà kan tó ti dolóògbé ló kó wọn fún wa. Owó ti tán báyìí. Wẹ́bsáìtì ti kú torí a ò rówó dómènì (àdírẹ́sì wẹ́bsáìtì) san. Orí háàdì dráìfù méjì ni gbogbo ẹ̀ wà, ọ̀kan ní ọ́fíìsì, ọ̀kan nílé ọ̀gá wa ní Surulere. Yunifásítì kan ní ká kó o wá, àjọ kan ní Yúróòpù náà ní ká kó o wá, ilé àṣà kan ní Lagos Island sì ní ká jọ pa á pọ̀. Ta ni ká gbé e fún?"

Ẹ kú iṣẹ́ náà o, àbúrò mi, ẹ sì ṣeun tí ẹ béèrè nígbà tí nǹkan ṣì wà nílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn, ìgbà tí háàdì dráìfù bá ti ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ tí ò sì ṣí mọ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn: kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn tó yẹ kẹ́ ẹ dá gbé e fún. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yín gbé e, kí ẹ̀yin náà má sì fi tiyín sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá pín iṣẹ́ ẹ̀ láàárín ara yín débi pé tí ọ̀kan bá kógbá sílé lọ́la, ákáìfù yẹn, ìyẹn gbogbo fótò àti fídíò tẹ́ ẹ ń tọ́jú, ò ní bá a lọ.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jókòó, iṣẹ́ kan wà fún ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ wá háàdì dráìfù tuntun méjì rà, kó má jẹ́ iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì, kẹ́ ẹ da gbogbo ẹ̀ sórí wọn. Háàdì dráìfù tí èèyàn ń lò déédéé, nǹkan bí ọdún 3 sí 5 ni wọ́n sábà máa ń fọkàn tán an mọ, Èkó wa níbí sì rèé, iná ń lọ iná ń bọ̀, ọ̀rinrin wà, àwọn tó wà ní Island tún ní atẹ́gùn oníyọ̀ látorí omi, gbogbo ẹ̀ ló ń bá nǹkan yẹn jà. Tẹ́ ẹ bá ti dà á tán, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe checksum fún fáìlì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ ò bá tíì lò ó rí, nọ́ńbà gígùn kan ni, àtinú ohun tó wà nínú fáìlì yẹn ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní SHA-256 ni kẹ́ ẹ lò. Tí nǹkan bíńtín bá yí padà nínú fótò yẹn, kó tiẹ̀ jẹ́ èyí tójú ò lè rí, nọ́ńbà yẹn máa yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà nínú Windows àti Linux fúnra wọn. Ẹ kó àwọn nọ́ńbà náà sínú fáìlì kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà náà tó bá ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀ síbi ọ̀tọ̀. Òun lẹ máa fi mọ̀ lọ́jọ́ iwájú bóyá ohun tí yunifásítì tàbí àwọn ará Yúróòpù ń tọ́jú fún yín ṣì ni ohun tẹ́ ẹ fún wọn, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Owó ìrànwọ́ tí àwọn èèyàn ń fún iṣẹ́ ọnà, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló ń san. Ó ń san owó skánà, ó ń san owó àwọn ọmọ tó ń skáàn, ó ń san ayẹyẹ tí wọ́n fi ṣí wẹ́bsáìtì, ṣùgbọ́n ọdún kẹrin, ọdún keje, ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, tí ẹnì kan máa jókòó yẹ fáìlì wò, tó máa san dómènì, tó máa kó nǹkan kúrò lórí dráìfù tó ti ń darúgbó sórí tuntun, kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn sínú ìwé ìbéèrè owó. Bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni ákáìfù. Ibi ìkó-nǹkan-sí fúnra ẹ̀ ò wọ́n tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: fótò kan tẹ́ ẹ skáàn sí TIFF (irú fáìlì fótò kan), tó jẹ́ 6,000 lọ́nà 4,000 piksẹ́ẹ̀lì, tó ní àwọ̀, tí ẹ ò fún un pọ̀, megabyte 72 ni. Ẹgbẹ̀rún kan irú ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gigabyte 72. Ẹ da ẹ̀dà ẹ̀ sí mẹ́ta, kò tíì ju gigabyte 216 lọ, dráìfù kékeré ọjà Computer Village máa gbà á tí àyè á sì ṣẹ́kù. Fídíò ló ń jẹ àyè, ìyẹn náà ò sì kọjá agbára. Èèyàn ló wọ́n. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, tó ṣì máa wà níbẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá òní, òun ló wọ́n, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé ilé kékeré kan ò lè dá ṣe é, torí ilé kékeré ò ní ju ẹnì kan irú bẹ́ẹ̀ lọ, tẹ́ni yẹn bá ti rí físà, ó parí. Mo mọ ilé àṣà kan ní mainland tó jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ló mọ pásíwọ́ọ̀dù, ó ti kọjá sí Kánádà, ímeèlì tó fi ṣí àkáǹtì náà ti kú, títí dòní ni fídíò wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọn ò lè fọwọ́ kàn án, wọn ò lè tún àkọlé ẹ̀ ṣe, wọn ò lè gbà á padà.

Ẹlòmíì á ní ṣebí ká kúkú gbé e fún ẹni ńlá, kọ́kàn balẹ̀. Mo lóye ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni ńlá náà ń ṣubú. Lọ́dún 2019, MySpace, wẹ́bsáìtì tí àwọn olórin ń gbé orin sí, jẹ́wọ́ pé orin táwọn èèyàn ti kó sórí àwọn fún ọdún 12 ti sọnù níbi tí wọ́n ti ń kó nǹkan látorí sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú nǹkan) kan sí òmíì, ó lé ní mílíọ̀nù 50 orin, ọ̀pọ̀ àwọn olórin yẹn ni ò sì ní ẹ̀dà míì níbì kankan. Oṣù kẹwàá 2023, àwọn jàǹdùkú orí íntánẹ́ẹ̀tì ya wọ British Library ní Lọ́ńdọ̀nù, odindi ilé ìkàwé ìjọba tó lówó tó lẹ́nìyàn, oṣù kìíní 2024 ni kátálọ́ọ̀gì wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oṣù kẹwàá 2024 ó kan Internet Archive, ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n jí ìsọfúnni àkáǹtì tó lé ní mílíọ̀nù 31, wẹ́bsáìtì wọn ò sì ṣí fún ọjọ́ mélòó kan. Mi ò sọ ọ́ láti bú wọn o, iṣẹ́ tí Internet Archive ti ṣe láti 1996 ò ṣeé fowó rà, ohun tí mò ń sọ ni pé orúkọ ńlá ò sọ pé nǹkan ò lè bàjẹ́. Ẹ sì rántí March 14, 2024, tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, MainOne, WACS, ACE, SAT-3, gbogbo wa la mọ bó ṣe rí l'Ékòó, báńkì ò ṣiṣẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì ń wọ́. Tó bá jẹ́ òkè òkun nìkan ni ẹ̀dà yín wà, lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni nǹkan lẹ ò ní rí i lò.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Àwọn tó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́ ní iṣẹ́ yìí, wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Láti 1999 ni Stanford ti bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí wọ́n ń pè ní LOCKSS. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé àwọn ilé ìkàwé oríṣiríṣi máa ń tọ́jú ohun kan náà, kọ̀ǹpútà wọn á wá máa bi ara wọn léèrè lóòrèkóòrè pé tèmi rèé, tìẹ ńkọ́, tí ẹ̀dà ti ilé kan bá ti bàjẹ́, tí tàwọn tó kù sì bára mu, wọ́n á fi tàwọn tó kù tún un ṣe. Ẹ ò nílò software yẹn gan-an. Tí ilé kọ̀ọ̀kan bá ń gbé checksum tiẹ̀ wá sí ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tẹ́ ẹ sì fi wọ́n wéra, iṣẹ́ yẹn náà lẹ ṣe.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù, tí mo sì fẹ́ràn gan-an, ni Digital Benin. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Benin lọ́dún 1897 àti bí ohun tí wọ́n kó ṣe fọ́nká gbogbo ayé. Oṣù kọkànlá 2022 ni wọ́n ṣí ákáìfù yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àkọsílẹ̀ ohun 5,246 láti ilé 131 ní orílẹ̀-èdè 20, lójú kan. Ẹ wo bí iṣẹ́ yẹn ṣe le tó: mùsíọ́mù kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń kọ orúkọ nǹkan, òmíì kọ ọ́ ní Jámánì, òmíì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, òmíì kàn kọ "ère" lásán. Ohun tó jẹ́ kó dùn mọ́ mi ni pé wọn ò dúró síbi kí wọ́n kàn tú àkọsílẹ̀ òyìnbó, wọ́n bá àwọn ará Edo ṣiṣẹ́, wọ́n fi orúkọ tí Edo fúnra wọn ń pe ohun kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, wọ́n sì gba ìtàn lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n. Kò sí ilé kan ṣoṣo nínú 131 yẹn tó lè dá a ṣe, títí kan àwọn tó lówó jù nínú wọn.

Èkejì ni fíìmù. Àwọn fíìmù láyé ìjọba amúnisìn àti lẹ́yìn òmìnira tó wà ní ilé Colonial Film Unit àtijọ́ ní Ìkòyí, ọ̀pọ̀ ló ti jẹrà nínú agolo. Fíìmù asetéètì (irú rọ́bà tí wọ́n fi ṣe fíìmù àtijọ́) tó bá ti ń bàjẹ́, ẹ máa gbóòórùn ẹ̀ bíi fíníkà kẹ́ ẹ tó rí i, tó bá ti dé ibẹ̀ àtúnṣe ẹ̀ kì í rọrùn. Ṣùgbọ́n ní 2016 wọ́n rí Shaihu Umar ti Adamu Halilu, fíìmù 1976 tí gbogbo èèyàn ti rò pé ó ti lọ, nínú ákáìfù Nigerian Film Corporation ní Jos. Ilé fíìmù Arsenal ní Berlin bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní February 2018. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, torí àtúnṣe fíìmù kan ò tíì tó nǹkan: Yunifásítì Jos pẹ̀lú Yunifásítì Goethe ní Frankfurt dá kọ́ọ̀sì másítà sílẹ̀ lórí iṣẹ́ ìtọ́jú fíìmù, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Ìyẹn ni pé wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn tó máa wà níbí, tó máa lè ṣe é níbí. Àjọṣe tí ò bá bí òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ tiwa, èmi ò kà á sí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo tiyín, mo fẹ́ fi fótò kan ṣàlàyé ẹ̀, torí ibí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ àjọṣe kì í dé. Fótò aláwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà láyé àtijọ́, ọ̀dà mẹ́ta ló ń kó àwọ̀ rẹ̀ jọ: ti búlúù, ti pupa àti ti yẹ́lò. Nínú ọ̀pọ̀ bébà àtijọ́, tí wọ́n bá kó o sínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti búlúù yẹn ló kọ́kọ́ máa ń ṣá, gbogbo fótò á wá máa pọ́n bíi pé wọ́n da epo sí i. Ó dáa, ẹ fi ojú inú wo fótò Ẹ̀yọ̀ kan nínú àpótí ẹbí yẹn: agbádá funfun, ọ̀pámbàtà lọ́wọ́, àkẹtẹ̀ lórí. Àkẹtẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹgbẹ́ Ẹ̀yọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíì. Àkẹtẹ̀ dúdú ni ti Adímú. Àkẹtẹ̀ pupa ni ti Làbà. Dúdú tó wà lórí bébà, àpapọ̀ ọ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, tí búlúù bá ti lọ nínú ẹ̀, kí ló máa kù? Pupa rúsúrúsú. Ọmọ tó ń skáàn ní Yaba, tó jẹ́ pé wọ́n bí i ní Ìkòròdú, á wo àkẹtẹ̀ yẹn, á kọ "Ẹ̀yọ̀ Làbà" sí i, kọ̀ǹpútà á sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Láti ibẹ̀ ó ti di ohun tí àwọn ará Yúróòpù máa tọ́jú pẹ̀lú checksum tó péye, ẹ̀dà mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ bára mu, gbogbo ẹ̀ ni ò tọ̀nà. Ẹni tó lè wò ó tó máa ní rárá, Adímú nìyí, ẹ wo àmì tó wà lára àkẹtẹ̀ yẹn, ẹ wo ilé tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ìgà (ààfin ìjòyè Èkó) báyìí-báyìí ni, Ìsàlẹ̀ Èkó ló wà, àgbàlagbà sì ni, kò ní jókòó dè wá títí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ pín iṣẹ́, kì í ṣe kẹ́ ẹ pín fáìlì nìkan. Ilé àṣà tó wà ní Island yẹn, àwọn ló sún mọ́ àwọn ìgà, àwọn ni kó gbé fótò lọ bá àwọn àgbà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ńlá sórí bébà, àgbà kì í fẹ́ wo fótò lórí fóònù, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, kí orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ wà lára fótò náà títí ayé. Àwọn náà ló máa mọ̀ tí fótò kan bá jẹ́ ohun tí ò yẹ kó wà ní gbangba. Ohun tó jẹ́ ti awo, a lè tọ́jú ẹ̀ dáadáa ká má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, méjèèjì ò takora, àmọ́ ará Ìsàlẹ̀ Èkó ló yẹ kó sọ ọ́, kì í ṣe ará Yúróòpù, kì í sì í ṣe èmi. Yunifásítì ní sáfà, wọ́n ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iṣẹ́ tí wọ́n máa fi kọ pírọ́jẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ìyẹ̀wò fáìlì àti ẹ̀dà kejì tọ́ sí wọn. Ẹ̀yin lẹ mọ eré yín, ẹ̀yin lẹ mọ ẹni tó kọ́ ijó wo, ta ló lu ìlù, kí fídíò yẹn wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ máa fi orúkọ sí i nígbà tí àwọn òṣèré yẹn ṣì wà lórí WhatsApp yín. Àwọn ará Yúróòpù, ẹ̀dà kan tó jìnnà sí ìkún omi Èkó ni kí wọ́n bá yín tọ́jú, kí wọ́n máa tọ́jú ẹ̀ lásán, kó má jẹ́ àwọn ló ń fi hàn aráyé.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ọkàn sí tàwọn Yúróòpù jù torí pé wọ́n sọ̀rọ̀ owó. Ó dáa kẹ́ ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ìlànà kan wà tẹ́ ẹ lè tọ́ka sí, Endangered Archives Programme tó wà ní British Library láti 2004, wọn kì í kó ojúlówó nǹkan kúrò ní orílẹ̀-èdè tó ni ín, ẹ̀dà kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ wà nílé ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín kí tàwọn náà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Tí àjọ tó ń bá yín sọ̀rọ̀ bá ní kẹ́ ẹ fi àpótí fótò ránṣẹ́, ẹ ní rárá. Ẹ̀dà nìkan.

Ẹ̀wẹ̀, àdéhùn. Oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó máà láàlà. Mo ti rí MoU (ìwé ìfẹnukò láàárín iléeṣẹ́) tó pọ̀ níbi iṣẹ́ yìí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ya fótò, ọ̀gá méjì á bọ ara wọn lọ́wọ́ níwájú báńà, ìwé yẹn á sì kún fún "ìfọwọ́sowọ́pọ̀" láti òkè délẹ̀ láìsí orúkọ ẹni tó máa tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀ Monday. Tiyín, ẹ jẹ́ kó kúrú, kó sì sọ nǹkan. Kó sọ ipò iṣẹ́ tó ń bójú tó o ní ilé kọ̀ọ̀kan, "ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà" ni kẹ́ ẹ kọ, torí tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ èèyàn, ẹni yẹn lè fiṣẹ́ sílẹ̀. Kó sọ oṣù tí wọ́n máa yẹ fáìlì wò àti ẹni tí wọ́n máa fi èsì ẹ̀ ránṣẹ́ sí. Kí dómènì wà lórúkọ ilé, kí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé méjì ó kéré tán. Kó sọ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ò lè ta nǹkan náà, kò sì lè gbé e fún ẹ̀kẹrin láìjẹ́ pé ẹ̀yin àti ẹbí fọ́tógíráfà fọwọ́ sí i.

Gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù sì ni èyí tí ojú máa ń ti àwọn èèyàn láti kọ: tí ọ̀kan nínú wa bá kógbá sílé, tàbí ó bá fẹ́ jáde, oṣù mélòó ló ní láti sọ fún àwọn tó kù, ta ni tiẹ̀ máa bọ́ sí lọ́wọ́, ta ló máa sanwó gbígbé ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ kí ọ̀rẹ́ ṣì wà. Àwọn tó ń ṣe ilé iṣẹ́ ọnà ní Èkó mọ̀ pé ẹni tó dá nǹkan sílẹ̀ lè lọ nígbàkigbà. Bisi Silva dá CCA (Centre for Contemporary Art) sílẹ̀ ní Yaba ní 2007, ó kú ní 2019, ilé ìkàwé tó kó jọ síbẹ̀ sì ṣì wà tí àwọn ọmọ ń lọ kàwé níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀, bí ọ̀gá bá ti lọ, onílé á kó ẹrù síta.

Ọ̀rọ̀ ẹbí fọ́tógíráfà yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n kọ nǹkankan fún yín? Pé wọ́n gbé àpótí wá ò sọ pé ẹ̀tọ́ àwòrán ti di tiyín. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ tuntun wa (Copyright Act), ti 2022, sọ pé tí ẹnì kan bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ ẹ̀ fún ẹlòmíì, àfi kó wà lákọsílẹ̀. Ẹ lọ bá wọn, ẹ mú ìwé lọ, ìwé tí màmá wọn lè kà ní Yorùbá, kẹ́ ẹ béèrè àṣẹ láti tọ́jú, láti da ẹ̀dà fún àwọn mẹ́ta yẹn, láti fi han aráyé, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ bá yunifásítì tọwọ́ bọ̀wé kí ìyẹn tó parí, torí ẹ ò lè fún èèyàn ní ohun tí kì í ṣe tiyín.

Owó wá kù. Èrò mi ni pé kí ilé kọ̀ọ̀kan san tiẹ̀ látinú owó tó ń ná lóṣooṣù tẹ́lẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, dípò kẹ́ ẹ jọ máa dúró de owó ìrànwọ́ ńlá míì. Yunifásítì ti ń san iná sáfà wọn tẹ́lẹ̀, ilé Island ní yàrá àti ẹni tó ń lọ sí ìgà, ẹ̀yin lè san dómènì. Ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa nílò láti jọ dá bí èsúsú ni owó ẹnì kan tó máa ṣiṣẹ́ fún gbogbo yín, kó tiẹ̀ jẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Owó ìrànwọ́ tó bá wá yọjú, ẹ fi ra ohun tuntun, fídíò tí ẹ ò tíì yí padà, dráìfù tuntun, irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ má fi san ohun tó jẹ́ pé tí kò bá sí lóṣù tó ń bọ̀, nǹkan á kú. Tẹ́ ẹ bá sì jọ kọ̀wé béèrè owó, ẹ máa rí i pé wọ́n máa ń tẹ́tí sí ilé mẹ́ta ju ilé kan lọ.

Fáìlì fúnra ẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀: TIFF fún fótò, WAV fún ohùn, fún fídíò ẹ tọ́jú èyí tó tóbi jù tẹ́ ẹ ní, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ti WhatsApp. Tẹ́ ẹ bá ní iṣẹ́ ọnà tí wọ́n fi Flash (ètò tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán tó ń rìn lórí wẹ́bsáìtì) ṣe nígbà kan, ẹ tètè sọ fún yunifásítì, Adobe ti pa Flash tì láti December 31, 2020, bíráúsà ò ṣí i mọ́, ó máa gba emulator, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bíi ti àtijọ́, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wọn á ti wúlò.

Ẹ pe ìpàdé, àmọ́ kì í ṣe àwọn ọ̀gá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ pe ẹni tó ń tan sáfà ní yunifásítì, ẹni tó ń bá àwọn ìgà sọ̀rọ̀ ní Island, àti ẹni tó skáàn fótò yẹn lọ́dọ̀ yín. Freedom Park ní Broad Street dáa, ibẹ̀ ò jìnnà sí ẹnikẹ́ni, àwọn ará Yaba á gba Third Mainland. Kẹ́ ẹ gbé fótò Ẹ̀yọ̀ díẹ̀ sórí tábìlì, kẹ́ ẹ jọ kọ àlàyé ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kẹ́ ẹ wo ibi tí ẹ ti ń yàtọ̀ síra. Ohun tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ ló máa sọ ohun tó yẹ kó wà nínú àdéhùn, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá.

Tí yunifásítì bá ní àwọn nìkan ni káwọn ní in, tàbí tí àwọn ará Yúróòpù bá kọ "títí láé" síbi kankan nínú ìwé tiwọn, ẹ má fọwọ́ sí i, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó dá wọn lóhùn. Mo máa kà á fún yín láìgba kọ́bọ̀.